Pépà Tí Aránṣọ Yí Padà

Ẹni tó bá rò pé ọjọ́ tí òun bá wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn dẹ́rẹ́bà rélùwéè ni wọ́n máa gbé ọkọ̀ lé òun lọ́wọ́, kó yáa wá iṣẹ́ mìíràn lọ. Oṣù mẹ́ta gbáko ni akẹ́kọ̀ọ́ á fi jókòó ti ìwé òfin tó nípọn bí búlọ́ọ̀kù. Wọ́n á yẹ ojú ẹni wò, wọ́n á yẹ etí wò, wọ́n á ní kéèyàn tọ̀ sínú ike kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó mutí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó jẹ́ kó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà, ọwọ́ lórí itan, ẹnu nìkan ni wọ́n fún níṣẹ́. Gbogbo iná tí ọkọ̀ bá kàn lójú ọ̀nà, ó gbọ́dọ̀ pe àwọ̀ rẹ̀ sókè. "Àwọ̀ ewé!" "Yẹ́lò!" "Pupa!" Àgbàlagbà á wá máa pariwo àwọ̀ bí ọmọ jẹ́léósinmi.

Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni ọkùnrin tí à ń sọ yìí nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti fi ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò nínú ọkọ̀ kan náà tó fẹ́ wà. Àwọn tí wọ́n jọ wọlé kò ju ọmọ ogún ọdún ó lé díẹ̀ lọ, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Ẹ̀gbọ́n Kíláàsì. Bí àwọn yẹn bá ti ka ojú ìwé kan tán, òun á ṣì máa wá dígí ojú rẹ̀ kiri, dígí náà á sì wà lórí orí rẹ̀. Ẹ má fi rẹ́rìn-ín púpọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló kọ̀wé kí wọ́n tó gbà á, ẹni tó bá sì máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ ni. Láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kọ ìwé àkọ́kọ́ ló ti ń pè é ní Dẹ́rẹ́bà, kódà lójú àwọn oníbàárà tó wá gba aṣọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀, kí Dẹ́rẹ́bà mi ráyè kọjá." Nígbà tí wọ́n kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kìíní, lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, kò yí orúkọ náà padà. Ọlọ́run kò fún wọn lọ́mọ, wọ́n sì ti fi ara wọn ṣe ọmọ ara wọn. Oṣù tí lẹ́tà ìgbaniwọlé dé ni dókítà sọ pé kíndìnrín obìnrin náà méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ kó ẹrù wá láti wá máa tọ́jú rẹ̀. Báyìí ni ayọ̀ àti ìbànújẹ́ ṣe jọ wọlé tọ̀ wọ́n, tí ìkankan kò sì kan ilẹ̀kùn.

Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ náà, mímọ ọ̀nà ló ń dá àwọn èèyàn padà sílé. Rélùwéè kì í ṣe mọ́tò. Kì í dúró níbi tí ojú ti rí ewu. Ó lè yí kìlómítà kan gbáko lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tẹ bíréèkì. Nítorí náà dẹ́rẹ́bà gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà níwájú kí ojú rẹ̀ tó rí i, ìbáà jẹ́ inú òjò, ìbáà jẹ́ inú kùrukùru. Kí wọ́n tó jẹ́ kéèyàn fọwọ́ kan ẹ̀rọ, ó máa jókòó níwájú olùdánwò, láìmú ìwé dání, á sì ka gbogbo ọ̀nà náà lálọ àti lábọ̀: ibùdókọ̀ mẹ́tàlélógún, gbogbo iná, gbogbo kọ́nà, gbogbo ibi tí wọ́n ti ń tẹ bíréèkì. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n ń gbà kéèyàn ṣe é. Ẹni tó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kejì, kó padà sídìí iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ìdí tíkẹ́ẹ̀tì nìyẹn fún Ẹ̀gbọ́n Kíláàsì, títí tó fi máa fẹ̀yìn tì.

Ọ̀gá tó ń kọ́ wọn, Ọ̀gá Rọra ni wọ́n ń pè é, nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó wà lẹ́nu rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ nìyẹn. Ó sọ fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé, "Ẹ má kọ́ ọ̀nà yìí bí orin o. Ẹ kọ́ ọ bí ilé tí ẹ̀ ń gbé."

Ilé náà ni ìyàwó Ẹ̀gbọ́n Kíláàsì gbé ọ̀nà náà wá. Ó ní kí ọkọ òun lẹ pépà ńlá tí òun fi ń gé àwòṣe aṣọ mọ́ ògiri yàrá, láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé títí dé ẹnu ọ̀nà. Ó fi téèpù ìwọnṣọ rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, ínṣì mẹ́rin fún ibùdókọ̀ kan sí èkejì. Ìwé kékeré tí ọkọ rẹ̀ ń kọ nǹkan sí lójú ọ̀nà ló wò ya gbogbo rẹ̀: iná, afárá, àwọn kọ́nà tó ká wálẹ̀ bí ọrùn bùbá. Bí ọkùnrin náà bá ti ibi ẹ̀kọ́ dé, kò tíì bọ́ bàtà tí ohùn fi máa ń dún láti orí bẹ́ẹ̀dì.

"Dẹ́rẹ́bà, a ti kúrò níbùdókọ̀ kẹrin o. Kí ló kàn?"

"Iná kan lápá òsì. Kọ́nà. Kí n dín eré kù sí ogójì."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

Tó bá ṣì í, obìnrin náà á fi rúlà onígi gbá ògiri. "Ẹ ti pa wá! Gbogbo èrò ti kú, èmi náà ti kú!" Àwọn méjèèjì á sì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi gba ẹ̀rín mọ́ obìnrin náà lẹ́nu. Ìyá rẹ̀ á sáré wọlé pẹ̀lú ife omi, á ní irú eré wo nìyẹn, ẹnu ẹni kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń ránṣẹ́ pe ikú.

Báyìí ni àlọ ṣe wọ inú ọkùnrin náà. Àbọ̀ ló kù. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló ń gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn ní ìdájí kí wọ́n lè fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ló sì máa ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Lálọ, ara rẹ̀ ṣì máa ń le. Tó bá di àbọ̀, lọ́sàn-án gangan, oorun á kì í mọ́lẹ̀ lórí ìjókòó. Ojú rẹ̀ á là sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ á máa pe àwọ̀ iná, ṣùgbọ́n kò rí nǹkan kan.

"Ṣé o sùn?" Ọ̀gá Rọra á bi í ní àràárọ̀, nítorí òfin ni pé kí wọ́n bi olúkúlùkù bẹ́ẹ̀ kó tó gun ọkọ̀.

"Mo sùn dáadáa, sà."

Irọ́ ni. Ẹni tó bá ní òun kò sùn, ilé ni wọ́n máa dá a padà sí, wọn kò sì ní ka ọjọ́ yẹn mọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọjọ́ ń lọ, ìyàwó rẹ̀ sì ń rù. Ọkùnrin náà fẹ́ kí obìnrin náà rí òun nínú yunifọ́ọ̀mù dẹ́rẹ́bà kó tó kú. Ohun tó ń lé kiri nìyẹn, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó jẹ́wọ́ fún obìnrin náà pé àbọ̀ kò sí lórí òun rárá, ẹ̀rín ló fi dá a lóhùn. "Ìyẹn ló ń bà yín lẹ́rù? Apá ọ̀tún aṣọ ni mo fi ń gé apá òsì. Mo kàn máa yí pépà padà ni." Ìka rẹ̀ ti wú, kálámù kò dúró dáadáa lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é, ìrọ̀rí lẹ́yìn, ìyá rẹ̀ ń bá a di etí pépà mú. Ó ní kí wọ́n yọ pépà lára ògiri, ó kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, ohun tó wà lọ́tùn-ún bọ́ sósì, ohun tó ṣáájú kẹ́yìn. Iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe kẹ́yìn láyé nìyẹn.

Ọkọ rẹ̀ tún pépà náà lẹ̀ mọ́ ògiri, ṣùgbọ́n obìnrin náà kò lè gbá ògiri mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kà á, ọkọ rẹ̀ á gbé etí sún mọ́ ẹnu rẹ̀, á sì máa tẹ̀ lé e. Lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn, kò wo pépà mọ́. Ó di ojú, ó ń kà á, ó mọ ọ́n ju ọkọ rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni kò gba ojú irin yẹn rí láyé rẹ̀.

Ọjọ́rú ló kú, ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Orí ọkọ̀ ni ọkùnrin náà wà. Fóònù rẹ̀ wà nínú àpótí onírin ní yáàdì, nítorí ẹnikẹ́ni kì í mú fóònù wọ iyàrá dẹ́rẹ́bà. Ibùdókọ̀ mẹ́sàn-án ló fi pariwo àwọ̀ ewé àti yẹ́lò lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ ti lọ. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, tó rí ìyá ìyàwó rẹ̀ tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní yáàdì, tó ṣí gèlè, ó lọ jókòó tì í.

Wọ́n sin ín. Wọ́n fún ọkọ rẹ̀ ní ìsinmi ọjọ́ mẹ́wàá. Lọ́jọ́ kọkànlá, ó lọ jókòó níwájú olùdánwò.

Obìnrin kan tó kéré sí i lọ́jọ́ orí ni olùdánwò náà, Ọ̀gá Rọra sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọkùnrin náà ka àlọ láìfi ẹsẹ̀ kọ. Nígbà tó kan àbọ̀, ó di ojú, ohùn aya rẹ̀ sì ṣíwájú, ó ń tẹ̀ lé e, kódà ó ń dákẹ́ níbi tí obìnrin náà ti máa ń dákẹ́ mí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Tí mo bá dé orí afárá, mo máa tẹ bíréèkì."

Olùdánwò gbé kálámù sílẹ̀. "Ẹ tún un sọ."

"Orí afárá, mà."

"Àlọ ńkọ́? Níbo lẹ ti tẹ̀ ẹ́?"

"Orí afárá náà ni, mà."

"Lálọ, òkè lẹ̀ ń gùn lọ síbi afárá. Òkè náà ń bá yín fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Lábọ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni, kóòṣì mẹ́jọ ló ń tì yín bọ̀ látẹ̀yìn. Ìdí táńkì omi ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, kìlómítà méjì ṣáájú afárá." Ó bọ́ dígí ojú rẹ̀. "Ẹ ti pa irínwó èèyàn, ẹ̀gbọ́n."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún un kó tó tún un ṣe, ìgbà ìkẹyìn. Níta, Ọ̀gá Rọra dì í lápá mú. Ọkùnrin náà sọ gbogbo rẹ̀ fún un, oorun, irọ́, pépà. "Àràárọ̀ ni mo ń bi ọ́," ni Ọ̀gá Rọra sọ. "Ó dáa. Láti ọ̀la, o máa bá mi gun àbọ̀ lójoojúmọ́."

Ó gùn ún. Ó fojú ara rẹ̀ rí táńkì náà, onírin, ó ti dógùn-ún, ẹyẹ pọ̀ lórí rẹ̀. Tó bá ti rí i, á kígbe, "Táńkì!" Ṣùgbọ́n tó bá délé, tó dijú kà á, afárá ni ẹnu rẹ̀ máa ń sọ. Kì í ṣe pé orí rẹ̀ kú. Ohùn aya rẹ̀ ló ń sọ ọ́, kò sì fẹ́ já a lẹ́nu. Ta ló ń bá ẹni tó ń kú lọ jiyàn? Ibi kan ṣoṣo tó ti ṣì ń gbọ́ obìnrin náà láyé yìí ni àbọ̀ yẹn. Tó bá tún un ṣe, kí ló máa kù fún un?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ìdánwò ku ọ̀la, ìyá ìyàwó rẹ̀ bá a níbi tó dúró sí níwájú pépà, ó ṣí kálámù sọ́wọ́, ọwọ́ náà kò gbéra.

"Kí ló ṣe pépà yẹn, ọkọ ọmọ mi?"

"Ibì kan wà tí wọ́n ṣì, Màmá."

"Ta ló ṣì í?"

"Ọmọ yín ni. Tí mo bá tẹ̀ lé e, irínwó èèyàn á kú."

Ìyá àgbà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo. Ọkùnrin náà rò pé ó máa bínú. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ẹkún àti ẹ̀rín ti dàpọ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Ọmọ mi a máa ṣì í. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, ó rán ṣòkòtò kan fún bàbá rẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni."

"Ṣé bàbá wọ̀ ọ́?"

"Ó wọ̀ ọ́ jáde lẹ́ẹ̀kan, nítorí ìfẹ́. Ó ń rìn bí ẹni tí èèrà wọ̀ láṣọ." Ó fi etí ìró nu ojú. "Ṣùgbọ́n ṣòkòtò yẹn kò gbé irínwó èèyàn dání. Pa á rẹ́. Kó jẹ́ pé ó ṣì í, ká mọ̀ pé ó ṣì í. Má sọ ọmọ mi di ẹni tó ń pààyàn."

Ọkùnrin náà fa ìlà sí bíréèkì orí afárá. Omi ojú bò ó débi pé ìlà náà wọ́. Ó kọ táńkì sí ibi tó yẹ kó wà, ó sì kà á níwájú ìyá àgbà nígbà ogún, ojú rẹ̀ là sílẹ̀.

Ó yege. Olùdánwò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, àwọn ọmọ kíláàsì gbé e sókè, wọ́n fún un ní yunifọ́ọ̀mù tó fẹ̀ jù ú lọ, kò sì sẹ́ni tó máa bá a dín in kù nílé. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n gbé ọkọ̀ lé e lọ́wọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, Ọ̀gá Rọra lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àlọ lọ wẹ́rẹ́. Lábọ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó mọ ìwúwo kóòṣì mẹ́jọ lẹ́yìn ara rẹ̀. Táńkì yọ. Ó tẹ bíréèkì.

"Rọra," ni Ọ̀gá Rọra wí. "Bẹ́ẹ̀ gan-an."

Ọkọ̀ náà gba orí afárá kọjá, ó ń fẹsẹ̀ falẹ̀. Ọkùnrin náà tẹ́tí. Ó tẹ́tí ní kọ́nà, ó tẹ́tí níbi iná tó tẹ̀ lé e, níbi tí ohùn yẹn ti máa ń dákẹ́ mí. Ohùn ara rẹ̀ nìkan ló gbọ́. Gbogbo ọ̀nà náà ti di tirẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì sí ẹnì kankan nínú rẹ̀ mọ́.

"O ò pe iná yẹn," ni Ọ̀gá Rọra sọ.

"Àwọ̀ ewé," ló dáhùn, ó sì ń wa ọkọ̀ lọ.