Ológbò Tí Kò Gba Okùn

Mo rántí ìgbà tí ó jẹ́ pé ohùn ológbò nìkan ló ń dá mi lóhùn nínú ilé. Yàrá kan ni mo háyà ní Mówó, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù kékeré tí mo ti ń ta ìrẹsì, ẹ̀wà àti gààrí. Ọ̀nà márosẹ̀ ló wà níwájú, kò sí omi nítòsí, ìdí tí mo fi yan ibẹ̀ nìyẹn. Kí n tó débẹ̀, òdìkejì ọ̀sà ni mò ń gbé, lórí ilẹ̀ oníyanrìn tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, níbi tí wọ́n bí mi sí. Èmi àti ọkọ mi ń kó àgbọn bọ̀ ní Àgbádárìgì lọ́jọ́ tí ọkọ̀ wa dojú dé. Kẹ́ẹ̀gì kan ni mo rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi wá fà mí jáde. Ọkọ mi kò rí nǹkan kan rọ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà, n kò fi ẹsẹ̀ kan ọkọ̀ ojú omi mọ́. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Omi inú báàfù pàápàá, òkèèrè ni mo ti máa ń nawọ́ bù ú wẹ̀.

Ìyá mi ṣì wà ní òdìkejì. Orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè wọ ọkọ̀ mọ́, ẹ̀rù kò sì jẹ́ kí èmi wọ̀ ọ́. Báyìí ni omi tí kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ṣe ya ìyá àti ọmọ. Orí fóònù la ti ń gbúròó ara wa. Lọ́jọ́ ọjà, á fi àgbọn rán atukọ̀ kan sí mi, èmi náà á fi ìrẹsì rán an padà. Bó bá bi mí pé ìgbà wo ni mò ń bọ̀, mo máa ń sọ pé ọjà ni kò jẹ́. Ó mọ̀ pé irọ́ ni.

Eku ló mú kí n wá ológbò. Àwọn àgbà ní bí ológbò kò bá sí nílé, ilé a di ilé èkúté. Ṣọ́ọ̀bù tèmi ti di ààfin wọn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń tọ́jú ilé fún òyìnbó kan létí òkun wá sọ fún mi pé ọ̀gá òun ń padà sí ìlú rẹ̀, ó sì ń wá ẹni tí yóò gba ológbò rẹ̀. Ó ní Bẹ́ngàlì ni wọ́n ń pe ẹ̀yà náà.

“Àǹtí, ẹ má fi wé ológbò ilé wa o,” ló wí. “Eléyìí kì í jókòó.”

Mo rò pé àsọdùn ọmọdé ni. Ológbò tí kì í jókòó! Kí ló máa ń ṣe, ó ń kọ́lé ni?

Nígbà tí mo ṣí apẹ̀rẹ̀ tó fi gbé e wá, àmì tótòtó ni mo rí lára rẹ̀ bí ti ẹkùn. Ara rẹ̀ gùn, itan rẹ̀ le bí okùn tí wọ́n fà tán. Fọkanáísà tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi fò dìde.

“Ìyá Onírẹsì! Eku lẹ ń bá jà, ẹ wá lọ gbé ẹkùn? Bó bá dàgbà tán, ẹ̀yin ló máa kọ́kọ́ jẹ o!”

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti gun pẹpẹ, ó ti gun àjà, ó ti da àgbá ẹ̀wà nù. Bó bá lé eku, àárín ìrẹsì ni yóò gbà. Bó bá mú un tán, á tún tú u sílẹ̀ kó lè rí i lé. Ó kọ́ bí a ṣe ń gbé ìkọ́ ilẹ̀kùn. Bí mo bá ju ìdérí mínírà, á sáré lọ gbé e wá bí ajá, á jù ú síbi ẹsẹ̀ mi, á sì máa wò mí. Kì í rẹ̀ ẹ́. Èmi ló máa ń rẹ̀. Bí mo bá fi í sílẹ̀ lọ sọ́jà, á máa ké bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ lọ sódò. Èyí tó wá burú jù ni pé omi tí mò ń sá fún, eré ló fi ń ṣe. Ó ń ju kọ́ńgò tí mo fi ń wọn ìrẹsì sínú dúrọ́ọ̀mù, á wá nawọ́ wá a kiri nísàlẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí mò ń wẹ̀, ó wọ inú báàfù omi mi, mo sì dúró sí kọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lára títí ó fi wẹ̀ tán. Síbẹ̀, mo rí i pé mo ti ń bá a sọ̀rọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ohùn ara mi nínú yàrá yẹn.

Ní ọjà wa, okùn la fi ń so ológbò ìsọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì kó má baà sọnù. Àwọn ológbò ń gbà á. Wọ́n á sùn, wọ́n á jí, wọ́n á pa eku tó bá kọjá. Èmi náà ra okùn ọ̀rá, mo fi so ológbò mi. Tírélà ń kọjá níwájú mi lójoojúmọ́, n kò sì fẹ́ kí ohun mìíràn tún bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tó yá, ó dákẹ́, ó ń lá ojú kan lára títí irun ibẹ̀ fi tán. Mo ń sọ fún àwọn oníbàárà pé ó ti gbọ́n. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, alángbá kan kọjá lójú fèrèsé. Ológbò fò tẹ̀ lé e, okùn kò tó, ó sì rọ̀ dirodiro lára ògiri lóde. Fọkanáísà ló fi ọ̀bẹ gé okùn náà.

“Mama, ṣé ẹ fẹ́ pa á ni?”

Mo gbé e mọ́ra. Mo ti mọ bó ṣe ń ya ẹnu wá èémí. Èmi náà ti ya ẹnu bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, mo fi ológbò rán atukọ̀ sí ìyá mi ní òdìkejì, níbi tí iyanrìn àti alákàn pọ̀ sí. Ilé wá dákẹ́. Mo ju ìdérí mínírà, ó jókòó síbi tó bọ́ sí. Kò pẹ́ rárá tí mo fi pe ìyá mi pé kó fi ológbò mi rán atukọ̀ padà.

“Ológbò tó ń lúwẹ̀ẹ́?” ni ìyá mi wí, pẹ̀lú ohùn Ẹ̀gùn rẹ̀ tó máa ń fa ọ̀rọ̀. “N kò rán an. Ẹni tó ni nǹkan ló ń wá gbé e.”

“Mama, ẹ ṣáà mọ̀ pé—”

“Mo mọ̀. Mo sì ti darúgbó. Wá gbé ológbò rẹ.”

Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ọjà ni mo fi dé èbúté tí mo tún padà. Ọjọ́ tí mo wọ ọkọ̀, atukọ̀ wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì fún mi, kò sì tó mi. Mo yọ okùn ọ̀rá yẹn nínú báàgì, mo so ọwọ́ mi mọ́ pákó ìjókòó. Atukọ̀ dá àjẹ̀ dúró.

“Ẹ tú u, Mama. Ọkọ̀ lẹ so ara yín mọ́ yẹn, kì í ṣe ilẹ̀. Bó bá dojú dé, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń lọ ìsàlẹ̀.”

“Kí ni kí n wá dì mú?”

“Ẹ má di nǹkan kan mú. Ẹ ṣáà jókòó.”

Mo tú u. Mo dijú títí iyanrìn fi ha ìdí ọkọ̀. Ìyá mi wà lórí àpótí lábẹ́ igi àgbọn, ológbò wà nínú omi tó mù ún dé itan. Ó wò mí, ó sì padà sídìí alákàn rẹ̀.

“O ti rù,” ni ìyá mi wí.

“Ológbò ni mo wá gbé.”

“Mo mọ̀. Jókòó ná.”

N kò gbé e padà. Bí mo ṣe ń lọ, ó ń tẹ̀ lé ọkọ̀ létí omi, ó ń ké. Ìyẹn ló jẹ́ kí n tún padà wá, mo sì ń wá bẹ́ẹ̀ títí tí ìyá mi fi sun oorun àìjí, tí ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.

Mówó ni mo ṣì ń gbé, àwọn eku sì ti gba ààfin wọn padà. Ìyàwó atukọ̀ ló ń fún ológbò lóúnjẹ nílé ìyá mi. Ẹ̀rù omi kò tíì kúrò lára mi; bí mo bá ti jókòó sínú ọkọ̀, àtẹ́lẹwọ́ mi á máa làágùn lórí itan mi, ṣùgbọ́n n kì í di nǹkan kan mú. Ológbò nìkan ló kù tó ń dúró dè mí ní òdìkejì. Ó ti darúgbó, ó ti ń jókòó báyìí. Mo máa ń ju ìdérí mínírà sí i. Kì í sáré lé e mọ́; á wò ó, á sì wá wò mí. Èmi ni mo máa ń dìde lọ mú un wá.