Kóòtù Tí Bàbá Àtúnfọ̀ Kò Rí Fọ̀ Mọ́

Títí dòní, ìjọ ṣì ń sọ nípa ọjọ́ tí Bàbá Àtúnfọ̀ dìde láàárín ìwàásù. Pásítọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ẹ̀jẹ̀ Jésù ló ń fọ ẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni. Bàbá nawọ́.

"Pásítọ̀, ẹ má bínú o. Alágbàfọ̀ ni mí. Ẹ̀jẹ̀ ni mò ń fọ̀ kúrò lára aṣọ láti ogójì ọdún. N ò tíì rí aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ fọ̀ mọ́ rí."

"Bàbá, ti Jésù yàtọ̀."

"Ó dáa. Omi tútù ni àbí omi gbígbóná?"

Ìwàásù parí síbẹ̀.

Kì í ṣe pé ó ń fi Ọlọ́run ṣeré. Ohun kan ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Bí pásítọ̀ bá ti ní kí ẹni tó ń fẹ́ ìdáríjì bọ́ síwájú, òun ló ń kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi. Ó sú pásítọ̀.

"Bàbá, Ọlọ́run ti dárí jì yín lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Mo gbọ́. Àbàwọ́n mìíràn wà, ẹ ò lè fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan."

Ibẹ̀ ni orúkọ Àtúnfọ̀ ti wá.

Yàrá kan ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: ọpọ́n méjì, okùn kan, áyọ́ọ̀nù eléèédú. Aṣọ tí wọn kò wá gbà ló kún orí pẹpẹ. Tó bá rí ẹni tó ni aṣọ lójú ọ̀nà, gbogbo àdúgbò á gbọ́.

"Mo ti fọ̀ ọ́ tán láti ọjọ́ yìí, ẹ ò wá gbé e! Ṣé ọ̀dọ̀ mi lẹ fẹ́ kó gbó sí ni?"

Aṣọ kan tiẹ̀ wà tí kò sí lórí pẹpẹ. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Lọ́dún púpọ̀ sẹ́yìn, àbúrò Bàbá tó jẹ́ káfíńtà fẹ́ gbéyàwó, Bàbá ló ń fi áyọ́ọ̀nù lọ kóòtù ọkọ ìyàwó láàárọ̀ ọjọ́ náà. Oníbàárà kan kọjá, Bàbá gbé áyọ́ọ̀nù jókòó lórí kóòtù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà lórí ọ̀rọ̀ sítáàṣì. Kó tó padà, áyọ́ọ̀nù ti ya àwòrán ara rẹ̀ sẹ́yìn kóòtù. Ó ti kóòtù bọ àpótí, ó figbe ta: olè! Ó fi Bíbélì búra. Kóòtù àyálò ni àbúrò rẹ̀ wọ̀, apá rẹ̀ kò kọjá ìgúnpá. Nínú fọ́tò, ọkọ ìyàwó káwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tí ọlọ́pàá mú.

Ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́ títí. "Ọlọ́run lẹ ń bẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣé Ọlọ́run ló wọ kóòtù àyálò?"

"Ọlọ́run rọrùn-ún bẹ̀. Kì í ṣe káfíńtà."

Nígbà tí àìsàn dé, tí kò lè dúró ti ọpọ́n mọ́, ó gbé kóòtù náà jáde. Ó fọ̀ ọ́. Ó tún un fọ̀. Ojú iná náà kò kúrò. Ó fi há abíyá, ó lọ bá àbúrò rẹ̀ níbi iṣẹ́.

Àbúrò rẹ̀ ń fá pákó lọ́wọ́. Ó wo kóòtù, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti mọ̀ tipẹ́."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Imú mi ni. Olè wo ló ń jí kóòtù, tó ń fi òórùn jíjó sílẹ̀?"

Bàbá fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Àbúrò rẹ̀ gbá a mú.

"Ọjọ́ tí mo bí àkọ́bí mi ni mo ti dárí jì yín. Ó ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ yìí, ẹ ò wá gbé e. Ṣé ọ̀dọ̀ mi lẹ fẹ́ kó gbó sí ni?"

Bàbá ń sunkún lọ́wọ́ ni ẹ̀rín gbà á mọ́ ọn lẹ́nu.

Lọ́jọ́ ìsinmi, pásítọ̀ pe àwọn tó ń fẹ́ ìdáríjì. Bàbá jókòó pa. Gbogbo ìjọ yíjú sí i.

"Ẹ máa báṣẹ́ lọ," ó ní. "Mo ti gba tèmi."

Oṣù méjì lẹ́yìn náà la sin ín. Àbúrò rẹ̀ wọ kóòtù náà wá. Kò dé e láyà mọ́. Ó dúró létí sàréè, ó kẹ̀yìn sí wa, ojú áyọ́ọ̀nù hàn gbàǹgbà. Ẹ̀rín fẹ́ pa wá. Pásítọ̀ rọra bi í pé kí ló ṣe kóòtù rẹ̀ lẹ́yìn.

Ó fọwọ́ tọ́ ọ. "Ẹ̀gbọ́n mi ló lọ̀ ọ́ fún mi," ó ní.