Ọjọ́ Tí A Fi Ògiri Pamọ́ fún Wolé-wolé

Bí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan nínú gbogbo ilé tí mo ti gbé, èyí tó wà lẹ́yìn ọjà Ajah ni n ó mú. Yàrá mẹ́jọ ló kọjú síra wọn níbẹ̀, pásẹ́jì gbọọrọ kan wà láàárín, gbogbo wa sì jọ ń dáná lẹ́yìnkùlé. Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, òórùn ẹ̀wà yàrá kejì á pàdé ti ẹja tí wọ́n ń dín ní yàrá keje, kò sì sí ọmọ tí kì í jẹ nínú méjèèjì. Ẹni tó bá fẹ́ na ọmọ rẹ̀, kó yáa múra dáadáa, nítorí ìyá mẹ́rin ló máa jáde wá gbà á sílẹ̀. Títí di òní, bí mo bá ń kọjá lọ sí Awoyaya, mo ṣì máa ń yí ojú sápá ibẹ̀.

Àléébù kan ṣoṣo ni ilé náà ní, yàrá tiwa ló sì wà. Orí àbàtà ni wọ́n kọ́ ọ sí, ògiri wa tó kọjú sẹ́yìn a sì máa fa omi láti ìsàlẹ̀. Bó bá ti di ìgbà òjò, ọ̀dà á wú, á máa já bọ́, àmì dúdú á sì máa hù lára ògiri náà títí á fi ga dé èjìká mi. Ìjọ aláṣọ funfun ni ìyá mi ń lọ. Nígbà tí àmì dúdú náà ran sùtánà rẹ̀, kíá ló kó o kúrò níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún méje, la ò gbé kúrò.

Àbúrò mi ń wúkọ́. Kì í ṣe ikọ́ tí omi gbígbóná ń lé lọ. Àyà rẹ̀ á máa súfèé, èjìká rẹ̀ á máa lọ sókè sódò, a ó jókòó yí i ká, ẹ̀rù á máa bà wá pé èémí tó kàn lè má wá mọ́. Ìyá mi ń fọṣọ fún ìdílé kan ní Abraham Adésànyà Estate, tí kò jìnnà sí wa. Nígbà ìsinmi iléèwé kan, wọ́n gbà kó mú ọmọ náà wá sùn lọ́dọ̀ àwọn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọjọ́ tó padà sílé gan-an ni ikọ́ tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi ní afẹ́fẹ́ àwọn olówó ló dáa. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà. Mo kàn wo ògiri wa.

Lọ́jọ́ kan, onílé wa pe gbogbo ayálégbé jọ sí pásẹ́jì. Àlàájì là ń pè é, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kò lé wa jáde nígbà tí bàbá mi kú tí nǹkan sì le. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, àwọn wolé-wolé kánsù ń bọ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n rí wàhálà kankan níbí o. Tí wọ́n bá fi lè lọ́ọ̀kì ilé yìí, gbogbo wa la jọ máa wà níta."

Ta ni kò mọ wolé-wolé? Láti kékeré làwọn ìyá wa ti mọ̀ ọ́n: ẹni tí ń ṣí ìkòkò omi wò, tó ń wo kọ̀rọ̀ ilé, tó sì ń já ìwé kóòtù léni lọ́wọ́. Kó tó dé àdúgbò, ìròyìn rẹ̀ á ti dé, kálukú á sì ti máa wá ìdérí ìkòkò kiri. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe. Nírọ̀lẹ́ tó ṣáájú, gbogbo ilé ló kóra jọ sí yàrá wa tí wọ́n kun ògiri náà ní ọ̀dà funfun. Àwọn tó ń jà lórí ààyè ìdáná láàárọ̀ ló ń gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ara wọn, tí wọ́n ń ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n ta kọ́tìnì síwájú bẹ́ẹ̀dì, ìyá mi sì ní ẹ̀yìn rẹ̀ ni àbúrò mi máa wà. Mi ò rí ìfẹ́ tó tó ti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn rí, ohun tó sì ń dùn mí jù nìyẹn.

Obìnrin ni wolé-wolé tó wá. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Kò béèrè ìkòkò rárá. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú mi, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ẹnì kankan ń wúkọ́ nínú yàrá yìí?"

Mo wo ìyá mi. Mo wo Àlàájì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Rárá, mà. Kò sí."

Ó dúró díẹ̀, ó ń tẹ́tí. Òórùn ọ̀dà gba gbogbo inú yàrá, irú òórùn tí kì í bá àbúrò mi lára mu rárá, síbẹ̀ a ò gbọ́ nǹkan kan. Ó kọ̀wé sínú fọ́ọ̀mù rẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ìyá mi wọ sùtánà, ó dúpẹ́ níwájú ìjọ pé Ọlọ́run dá ikọ́ ọmọ òun dúró ní wákàtí ìdánwò.

Nílé tó kàn wá, ìyá àgbà kan tí kì í gbẹ́nu dákẹ́ ló fa wolé-wolé náà lọ́wọ́ lọ síbi tí ògiri tirẹ̀ ti ń sun omi. A fi ṣe yẹ̀yẹ́, a ní ó ti kóbá onílé rẹ̀. Àṣé ilé tí ògiri rẹ̀ ń fa omi ni wolé-wolé náà ń wá kiri, kí kánsù lè tún un ṣe. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kó bíríkìlà wá síbẹ̀. Wọ́n gé ìsàlẹ̀ ògiri, wọ́n fi ọ̀rá tó nípọn sí i kí omi má baà gòkè mọ́, wọ́n la gọ́tà, wọ́n fẹ fèrèsé. Wọn ò lé ẹnikẹ́ni jáde. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa, ìwé ọwọ́ wọn ní ilé wa ò ní àléébù, ni wọ́n bá kọjá. Àlàájì sáré tẹ̀ lé wọn, ó ń bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní ó di ìgbà mìíràn. Ìgbà mìíràn náà ò dé títí a fi kó kúrò.

Inú ṣì ń bí mi sí kánsù. Àwọn tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba àwọn ìyá wa náà ni wọ́n fi ìrànlọ́wọ́ rán, wọn ò sì rán ẹnikẹ́ni ṣáájú láti wá là wá lọ́yẹ̀. Ká ní wọ́n ti kọ́kọ́ tún ilé kan ṣe tí a fojú rí i ni, ọwọ́ ara wa la à bá fi fa kọ́tìnì yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣùgbọ́n èmi náà ni mo la ẹnu tí mo dáhùn.

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi wá kí mi. Òun náà ti bímọ, oògùn tó ń fín sẹ́nu kì í sì í kúrò nínú báàgì rẹ̀. Mo ń sọ̀rọ̀ ilé ẹ̀yìn ọjà fáwọn ọmọ wa, gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín, ni mo bá rí i pé òun ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àwọn ọmọ jáde, mo jẹ́wọ́ fún un. Mo ní, "Wolé-wolé ọjọ́sí yẹn bi mí, èmi ni mo ní kò sẹ́ni tó ń wúkọ́. Jọ̀ọ́, má bínú."

Ó ní, "Àǹtí mi, mo gbọ́ yín. Ṣebí mo wà lẹ́yìn kọ́tìnì."

Mo ní Ọlọ́run ló kúkú ṣàánú wa, tí ikọ́ yẹn ò wá lásìkò náà.

"Ó wá," ó ní. "Mo fi pílò dí ara mi lẹ́nu, mo sì fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Màámi ti sọ fún mi pé tí mo bá wúkọ́, ìta ni gbogbo yín máa sùn."