Kí Ni Ọbabìnrin Iwin Ń Wá?

Ọ̀sán Sátidé kan ni, yìnyín ń já sílẹ̀ wẹ́wẹ́ lóde, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ẹnu àpò gàrí tuntun nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní North York, nílẹ̀ òyìnbó níbí. Òórùn kíkan rẹ̀ jáde, ó gbá mi nímú bí ẹni tó ti ń retí mi láti àná. Àwọn oníbàárà mi tí kì í ṣe Ìjẹ̀bú máa ń fajú ro tí wọ́n bá gbọ́ ọ. Èmi dúró, mo fà á símú dáadáa. Lẹ́yìn mi, níbi tí mo kó páálí ẹja gbígbẹ sí, ọmọ-ọmọ mi Tèmi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan jókòó, wọ́n ń jiyàn lórí ìtàn kan tí Tèmi ń kọ sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ìtàn ọ̀hún kún fún àwọn iwin tí etí wọn rí ṣóńṣó, tí wọn kì í kú, àti àwọn òrìṣà tó ń gbé orí òkè, tí wọ́n ń fi ayé ṣeré bí ọmọdé ṣe ń fi yẹ̀pẹ̀ ṣeré. Ọ̀kan nínú àwọn òrìṣà náà ti dáná sun odindi ìlú kan. Mo bi í pé, “Tèmi, kí ló dé tó fi dáná sun ìlú onílùú?” Ọmọ náà kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Grandma, he's just evil,” ló wí. Ìkà ni, ọ̀rọ̀ tán.

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di etí àpò gàrí mú. Wọ́n rò pé orí mi ti yí. Wọn kò mọ̀ pé ìdáhùn yẹn gan-an ni mo fi jìyà agbọ̀n ẹ̀gẹ́ méjì nígbà tí mo wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mọ́kànlá.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ra gàrí nínú ọ̀rá, tí ẹ rò pé nínú ọ̀rá ni wọ́n ti ń bí i, ẹ fara balẹ̀. Ẹbu gàrí wa wà lẹ́yìn agboolé wa, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹbu kì í ṣe ilé, kì í sì í ṣe ìta. Òpó igi mẹ́jọ ni, pẹ̀lú páànù tó ti dípẹtà lórí. Tí òjò bá ń rọ̀, a ò ní gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń sọ, àfi ká máa wo ẹnu ara wa bí adití. Lápá kan, òkìtì ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé láti oko. Lápá kejì, àpò ẹ̀gẹ́ rírin tí wọ́n gbé òkúta lé lórí kí omi rẹ̀ lè ro dànù. Ní ìkángun, agbada tí wọ́n fi ń yan gàrí, tí èéfín rẹ̀ máa ń wá ẹni tí ojú rẹ̀ kò tíì pọ́n kiri. Bí obìnrin mẹ́wàá ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọwọ́ wọn kì í sinmi, ẹnu wọn kì í sinmi. Ìyá Ẹlẹ́bu ni olórí wọn, obìnrin gbọọrọ kan tí ojú òsì rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán, ṣùgbọ́n tó lè jókòó sídìí agbada kó fi ojú ọ̀tún kan ṣoṣo yẹn rí èèpo tí o fi sílẹ̀ lára ẹ̀gẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán.

Ìdí tí mo fi wà níbẹ̀ dípò ilé ìwé kò le. Mo ṣe kíláàsì kẹta lẹ́ẹ̀mejì, kíláàsì kẹta kọ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì. Tíṣà wá bá ìyá mi pé orí ọmọ yìí kò gba nǹkan. Ìyá mi gbà á gbọ́, ó fún mi ní ọ̀bẹ. Láti ọjọ́ náà, tí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ń gba iwájú ẹbu kọjá pẹ̀lú ṣíléètì lórí, wọ́n á máa kígbe pé, “Olódo, ẹ kú iṣẹ́ o!” Èmi náà á sì máa ju èèpo ẹ̀gẹ́ lù wọ́n. Ìwé ni kò wọ orí mi. Ọwọ́ mi kì í tàsé.

A kì í pa àlọ́ lọ́sàn-án, èèwọ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ kì í dúró de òṣùpá. Ohun tí àwọn obìnrin wa wá ṣe ni pé wọ́n ní tiwọn kì í ṣe àlọ́, ìròyìn ọ̀nà jíjìn ni. Ìjàpá kò gbọdọ̀ yọjú síbẹ̀ rárá, nítorí bí Ìjàpá bá ti dé, ó ti di àlọ́ nìyẹn. Iwin ni, ẹbọra ni, òrìṣà tó ń bínú ni. Ẹni tó ń sọ ọ́ á jókòó lórí àpótí kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada, kò ní bẹ ẹ̀gẹ́ kankan títí yóò fi parí. Ìgbádùn ńlá nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀gún wà nínú rẹ̀. Ìgbàkígbà tó bá wu Ìyá Ẹlẹ́bu, á gbé ọ̀bẹ rẹ̀ sókè, á ní, “Kí ló ń wá?” Iwin jí ọmọ gbé: kí ló ń wá? Òrìṣà fa odò gbẹ: kí ló ń wá? Bí o bá dáhùn dáadáa, ìtàn á máa lọ. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, wàá dìde, wàá sì bẹ agbọ̀n ẹ̀gẹ́ tìrẹ àti ti ẹni tó jókòó tì ọ́. Ìdáhùn kan wà tí kò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni: “Ìkà ni.” Ìyá Ẹlẹ́bu kórìíra rẹ̀ ju kòkòrò inú gàrí lọ.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gorí àpótí ni mo sì sọ ọ́. Ìtàn ẹbọra kan tó ń gbé inú ìrókò ni mo ń sọ, tó máa ń da ẹrù àwọn èrò ọjà nù lójú ọ̀nà. Ó dùn débi pé Ìyá Múfú, tó máa ń tòògbé lórí ọ̀bẹ, lajú. Ọ̀bẹ gòkè.

“Kí ló ń wá?”

“Ìkà ni, mà.”

Ìyá Ẹlẹ́bu wò mí bí ẹni tó rí eku nínú agbada. “Ìkà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń wá. Ìkà ni orúkọ tí à ń pe ẹni tí a kò tíì bi léèrè ọ̀rọ̀. Dìde níbẹ̀!”

Agbọ̀n méjì. Àtàǹpàkò mi wú fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ní àsìkò òjò ọdún yẹn ni Ìyá Ẹlẹ́bu kéde pé òun yóò mú ọmọbìnrin kan dání lọ sí Èkó, kó máa bá òun ta gàrí, kí òun sì kọ́ ọ lówò, nítorí ojú ọ̀tún rẹ̀ náà ti ń di bàìbàì. Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwà rere ọmọ wọn sí i létí. Ó ní òun kò bèèrè ìwà rere. “Ẹni tí mo máa mú lọ gbọ́dọ̀ wo oníbàárà lójú, kó sì mọ ohun tó ń wá kí oníbàárà fúnra rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò mọ ohun tí iwin ń wá, báwo ló ṣe fẹ́ mọ ti ará Èkó?” Ó ní lórí àpótí ni òun yóò ti mú un, láàárọ̀ ọjọ́ tí lọ́rì Èkó bá dé.

Mo fẹ́ lọ, ẹ̀yin èèyàn mi. Gbogbo yín ló mọ bí ọkàn yín ṣe ń lù nígbà tí ẹ ń retí físà. Tèmi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo bá dúró, olódo tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ ni màá jẹ́ títí wọn yóò fi mú mi fọ́kọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹbu ti mọ ẹni tí yóò lọ. Dúpẹ́ ọmọ Ìyá Múfú ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé mẹ́fà, ó ń ka gbogbo ìwé tó wà lórí pẹpẹ tíṣà, ó sì ń bá wa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìkéde ìjọba. Ó ti di ẹrù rẹ̀ kí lọ́rì tó kúrò ní ibi tó ti ń bọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, òun ló kọ́kọ́ gorí àpótí. Ìtàn inú ìwé ló sọ, mi ò sì ní parọ́, ó dára. Ó ní àwọn iwin kan wà tí ara wọn ń tàn bí epo tuntun, etí wọn ṣóńṣó bí etí ewúrẹ́, wọn kì í darúgbó, wọn kì í kú. Oòrùn dúró sójú kan lókè igbó wọn, kì í wọ̀. Ọbabìnrin wọn kó ogun wá dó ti ìlú àwọn èèyàn fún ọdún méje. Òrìṣà ńlá jókòó sójú ọ̀run, ó ń wò wọ́n, kò gbèjà ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ìlú fọ́, ọbabìnrin náà gba ẹ̀gbẹ́ wúrà kọjá, ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹṣin kọjá, ó wọ inú ahéré kan, ó gbé ìyá arúgbó kan tí kò lè rìn mọ́ sẹ́yìn ẹṣin rẹ̀, ó sì darí sílé.

Ọ̀bẹ gòkè. “Kí ló ń wá?”

Dúpẹ́ ní, “Ìwé kò sọ ọ́, mà.”

“Ìwé ló gbé ìyá arúgbó ni?”

Ẹ̀rín bú. Ìyá Múfú fẹ́ gba ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní bóyá ó fẹ́ fi ìyá náà ṣe ẹrú. Ìyá Ẹlẹ́bu ní, “Ẹrú tí wọn yóò máa gbé lọ yàgbẹ́? Ọlọ́run má ṣe é lẹ́rú mi!” Ẹlòmíràn ní ó fẹ́ pa á jẹ. “Ẹran wo ló wà lára rẹ̀?” Lọ́rì fọn fèrè lójú títì.

Èmi kò ka ìwé kankan, ohun tí mo mọ̀ kò ju ọjà abúlé wa lọ. Ọkàn mi lọ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ sì bọ́ lẹ́nu mi kí n tó dì í mú.

“Ìrọ̀lẹ́ ló ń wá, mà.”

“Ìrọ̀lẹ́ báwo?”

“Ìgbà wo ni ọjà wa máa ń gbóná jù? Ṣé kì í ṣe ìgbà tó bá fẹ́ tú ni? Láàárọ̀, ẹni tó fẹ́ ra ata á tẹ̀ ẹ́ wò, á ní òun ń bọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ló ń rà á. Àwọn iwin yẹn, ọjà tiwọn kì í tú. Ẹni tó fẹ́ bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀, á ní ó dọ̀la. Ẹni tó rí ẹni tó wù ú, á ní ó di ẹgbẹ̀rún ọdún. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń ní àwọn ń bọ̀. Ọbabìnrin yẹn kò tíì ra nǹkan kan rí láyé rẹ̀. Ìyá arúgbó náà ló mọ bí wọ́n ṣe ń ná ọjà nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Ó fẹ́ kó kọ́ òun.”

Ọ̀bẹ kò sọ̀ kalẹ̀. “Òrìṣà tó jókòó lókè fọ́dún méje ńkọ́? Kí lòun ń wá?”

“Oníbàárà ni, mà. Iwin kò ṣaláìní ohunkóhun, wọn kì í pè é. Àwa là ń pè é láàárọ̀ lálẹ́: bá mi wo ẹsẹ̀ mi, fún mi lọ́mọ. Ẹ wo bí ìlú yẹn yóò ṣe máa pè é fún ọdún méje tí ogun ká wọn mọ́! Ta ni í pa ìsọ̀ tó ń tà dé?”

Ìyá Ẹlẹ́bu bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín láti inú, ejìká rẹ̀ ń gbọ̀n, omi ń dà lójú rẹ̀ méjèèjì, àti èyí tó ń ríran àti èyí tí kò ríran. “Bí kò sí èèyàn, imalẹ̀ kò sí,” ló wí, òrìṣà ló pè ní imalẹ̀. “Ìyá mi sọ ọ́, mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òwò ni.” Ó wá yíjú sí mi. “Lọ kó aṣọ rẹ.”

Aṣọ wo? Aṣọ méjì ni mo ní, ọ̀kan wà lára mi. Dúpẹ́ dúró, ojú rẹ̀ pọ́n, mo rò pé yóò gbá mi létí. Ó tú ẹrù tirẹ̀, ó fún mi ní àpò rẹ̀. “O ò lè gbé aṣọ lọ sí Èkó nínú ewé, olódo,” ló wí, àwa méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà la ti di ọ̀rẹ́, títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a.

Orí àpò gàrí ni mo jókòó sí nínú lọ́rì. A gba iwájú ilé ìwé kọjá nígbà tí wọ́n ń ké ábídí lọ́wọ́, tíṣà wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo dìde dúró, mo ju ọwọ́ méjèèjì sí i. Ó gbàgbé ara rẹ̀, ó ju ọwọ́ padà. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò tíì rí adùn tó tó ìyẹn láti ìgbà náà, mo sì ti jẹun ní ibi púpọ̀.

Ìyá Ẹlẹ́bu ti lọ. Ẹ̀rọ ló ń rin ẹ̀gẹ́ lábúlé wa nísinsìnyí, ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè sọ ìròyìn kankan. Kò dùn mí tó bí ẹ ṣe rò. Àtàǹpàkò àwọn ọmọ ibẹ̀ kò wú mọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn bá mi gun ọkọ̀ òfuurufú. Ọkùnrin kan máa ń ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Bolton wá, á tẹ iṣu mẹ́wàá wò, kò ní ra ọ̀kan. Àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ní ahun ni. Èmi bi ara mi léèrè ohun tó ń wá, mo rí i pé ẹni tí yóò kí i ni, mo sì kí i pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá, ara ńkọ́?” Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Láti ìgbà náà, iṣu mẹ́ta-mẹ́ta ló ń gbé lọ.

Ẹ̀yin ọmọ sì máa ń ráhùn pé ní oṣù Kejìlá níbí, agogo mẹ́rin ààbọ̀ kò tíì lù tán tí ilẹ̀ ti ṣú. Èmi kì í ráhùn. Ìgbà yẹn ni ọjà mi ń gbóná jù. Nọ́ọ̀sì á sáré kúrò ní ṣíìfù, ẹni tó ń lọ Oshawa á fi ọkọ̀ sílẹ̀ láìpa iná rẹ̀, wọ́n á wọlé pẹ̀lú yìnyín lórí, ẹnìkan ń tọrọ àforíjì lórí fóònù, ẹnìkan ń sọ fún ọmọbìnrin tó wà níwájú rẹ̀ pé ẹ̀rín rẹ̀ dára, gbogbo wọn ń kígbe pọ̀ pé, “Màmá, ẹ má tíì tì í!” Mo dúró sáàárín wọn bí ọba. Bí iwin aláìlèkú kan bá ń gba ojú fèrèsé mi kọjá lásìkò yẹn, tó rí bí a ṣe ń náwọ́ mú nǹkan kí ilẹ̀ tó ṣú pátá, ìlara ì bá pa á, bí ikú bá mọ ọ̀nà ilé rẹ̀.