Máṣìnì Tó Lè Gbé Èmi àti Ìyá Mi

Kí ọlọ́kadà tó gbé mi ní Ọ̀fà, yóò kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ táyà ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ni yóò wá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ní ìtìjú nínú wọn á bi mí pé, "Alhaji, ṣé kò jìnnà?" Ẹni tí kò bá ní á ní, "Ẹ̀yin nìkan ni, àbí ẹnì kan ṣì ń bọ̀?" Inú máa ń bí mi, ṣùgbọ́n kí n tó rí èsì fọ̀, ẹ̀rín á ti pa mí. Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò bá jọ ṣòkòtò á jọ kíjìpá. Bàbá mi sanra, ìyá mi náà ò kéré. Èmi jọ ṣòkòtò, mo sì jọ kíjìpá.

Síbẹ̀, kì í ṣe tìtorí àwọn ọlọ́kadà ni mo ṣe pinnu láti ra máṣìnì tèmi. Tìtorí ìyá mi ni. Ojoku ni wọ́n ti bí wọn, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin wà, ẹnì kan ṣoṣo tó kù nínú àwọn ọmọ ìyá wọn, tí ẹsẹ̀ ò jẹ́ kí wọ́n lè jáde mọ́. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, ìyá mi ò dé Ojoku mọ́. Fóònù ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò fi ń kí ara wọn, wọ́n á máa pariwo sínú rẹ̀ bí ẹni tó wà lódìkejì odò. Mo ní kí ìyá mi jẹ́ ká wọ mọ́tò, wọ́n ní rárá.

"Mọ́tò kì í dúró níbi tí mo bá fẹ́ kó dúró."

"Màmá, ẹnu ọ̀nà ilé gan-an ló máa já yín sí."

"O ò gbọ́ ohun tí mo wí."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń parí sí. Ẹ̀rù sì ń bà mí. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé níbi òkú ni wọ́n á ti tún fojú kan ara wọn.

Máṣìnì bàbá mi ṣì wà lẹ́yìn ilé, lábẹ́ igi máńgòrò. Sẹ́fíntì là ń pè é, torí pé àádọ́rin ni ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ẹ́ńjìnnì kékeré tí kò ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ. Òun ló máa ń gbé wa lọ sí Ojoku nígbà tí mo wà ní kékeré: bàbá mi níwájú, èmi láàárín, ìyá mi lẹ́yìn. Áà, ayé yẹn dùn. Ẹ̀yìn bàbá mi gbòòrò débi pé mi ò rí iwájú rí. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ọ̀nà Ojoku, ẹ̀gbẹ́ ni mo ti rí i, oko ẹ̀gẹ́ lápá ọ̀tún, oko àgbàdo lápá òsì, pẹ̀lú òórùn bẹntiróòlù àti ti ọṣẹ tí wọ́n fi fọ dàńṣíkí bàbá mi.

Òkè kan wà kí á tó dé Ojoku. Tí a bá dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, bàbá mi á dúró. Wọ́n á ní, "Ó yá, ẹ jẹ́ ká kí àgbà." Àwọn àti ìyá mi á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á fi èmi nìkan sílẹ̀ lórí ìjókòó. Bàbá mi á ṣí fìlà, wọ́n á kọjú sí òkè náà, wọ́n á ní, "Ẹ kú ìjókòó o, bàbá." Ìyá mi á tẹ eékún díẹ̀. Lẹ́yìn náà, bàbá mi á di ọwọ́ máṣìnì mú, ìyá mi á máa tì í láti ẹ̀yìn, èmi á jókòó gẹlẹtẹ bí ọba títí a ó fi dé orí òkè.

Àṣà ni mo pè é. Ṣebí ọmọlúàbí tó bá pàdé àgbà lórí kẹ̀kẹ́, ńṣe ló máa sọ̀ kalẹ̀ kó tó kí i. Òkè yẹn sì dàgbà ju gbogbo wa lọ, kò sì dìde rí. Títí mo fi di bàbá ọlọ́mọ, bí mọ́tò bá gbé mi kọjá níbẹ̀, mo máa ń kí i wúyẹ́wúyẹ́.

Nítorí náà, nígbà tí mo fẹ́ ní máṣìnì, Sẹ́fíntì yìí lọkàn mi lọ sí. Mo tì í lọ bá mẹkáníìkì kan tí a jọ dàgbà. Ó wò ó, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́ o. Ìwọ yìí, kó o tún gbé Màmá sẹ́yìn? Lọ ra wan-fífítì. Hóńdírẹ́ẹ̀dì gan-an á máa mí hẹlẹhẹlẹ."

Mo ní ohun tó gbé bàbá mi á gbé mi. Ó ní kò burú, ó tún un ṣe.

Èmi nìkan ni mo kọ́kọ́ gùn ún jáde láti dán an wò. Láàárín ìgboro, ó ń lọ. Àwọn ọmọdé ń pariwo pé, "Ọ̀róbó, ẹ ṣàánú máṣìnì!" Nígbà tí mo dé ìdí òkè yẹn, ìgbéraga ò jẹ́ kí n dúró. Mo fún un níná. Kò tíì dé àárín tó fi bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́, ó sì fẹ́ máa yí padà sẹ́yìn. Wọ́n ní ìjàkadì lorò Ọ̀fà, àmọ́ máṣìnì ló dá mi lọ́jọ́ náà. Mo yára sọ̀ kalẹ̀. Bí ìdí mi ṣe kúrò lórí ìjókòó báyìí, ẹ́ńjìnnì sọjí, ó ń fa ara rẹ̀ lọ sókè lọ́wọ́ mi.

Mo dúró. Mo wo òkè, mo wo ikùn mi. Ìgbà yẹn ni ó tó yé mi pé ara bàbá mi ló wúwo, kì í ṣe pé òkè ń gba ìkíni. Ẹkún gbọ̀n mí, ẹ̀rín sì ń pa mí, lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo bá ìyá mi níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà. Mo ní, "Màmá, mo ti mọ ìdí tí ẹ fi máa ń kí òkè."

"Ṣé o ò mọ̀ látọjọ́ yìí ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí gèlè fi já bọ́. Nígbà tó yá, ohùn wọn rọ̀. "Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí bàbá ẹ gbé mi sẹ́yìn, kó tó fẹ́ mi, máṣìnì yẹn kọ̀ níbẹ̀. Ojú tì mí, torí mo rò pé èmi ni mo wúwo jù. Bàbá ẹ ní kì í ṣèmi o, ó ní àgbà kan ló jókòó síbẹ̀ tí a ò tíì kí. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé òun ni màá fẹ́."

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo lọ ra máṣìnì. Mo jókòó lórí hóńdírẹ́ẹ̀dì, ìdí rẹ̀ sì wọlẹ̀ pátápátá. Mo jókòó lórí èyí tó tẹ̀ lé e, orúnkún mi fẹ́ kan àgbọ̀n mi. Wan-fífítì nìkan ló rọ̀ díẹ̀, tó sì gbà mí. Mo gùn ún padà sílé, mo ní kí ìyá mi wá wò ó. Wọ́n fọwọ́ tẹ ìjókòó rẹ̀, wọ́n ní, "Èyí á dúró níbi tí mo bá fẹ́?" Mo ní á dúró.

Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ìyá mi jókòó sẹ́yìn mi, wọ́n di aṣọ mi mú, ó di ọ̀nà Ojoku.

"Màmá, ṣé ẹ ń rí iwájú?"

"Níbo? Oko ẹ̀gẹ́ ni mò ń rí."

Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀ òkè, mo fẹ́ fún un níná, ìyá mi gbá mi léjìká.

"Dúró."

"Màmá, wan-fífítì nìyí. Á gùn ún."

"Mo mọ̀ pé á gùn ún. Ṣé tìtorí máṣìnì la ṣe ń kí àgbà ni?"

Ibi tí mọ́tò kì í dúró sí nìyẹn. Mo pa ẹ́ńjìnnì. Ìyá mi sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tún ìborùn wọn ṣe, wọ́n tẹ eékún.

"Ẹ kú ìjókòó o, bàbá. Ẹ má bínú, ó pẹ́. Ẹnìkejì mi ò lè wá mọ́. Ọmọ wa ló gbé mi wá. Ẹ ò rí i bó ṣe tóbi?"

Mo ṣí fìlà, èmi náà kí i. A bẹ̀rẹ̀ sí tì í. Wan-fífítì wúwo ju Sẹ́fíntì lọ fíìfíì, òógùn bò mí. Ọwọ́ ìyá mi wà lórí ìjókòó lẹ́yìn mi, níbi tí wọ́n máa ń gbé mi sí. Ọlọ́kadà kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó wo máṣìnì tuntun, ó wò mí.

"Alhaji, ṣé ó bàjẹ́ ni?"

"Kò bàjẹ́," ni ìyá mi dá a lóhùn. "À ń kí àgbà ni."