Màmá Tó Di Adití Nítorí Gìtá Wa

Pálọ̀ ìyá bàbá mi ní Kúdẹtì ni báǹdì wa ti máa ń dánrawò. Èèyàn mẹ́rin ni wá: èmi tí mò ń ta gìtá, ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ tíṣà tó ń kọrin, obìnrin aránṣọ kan láti Bẹ́yẹrúnkà tó ń ta gìtá olóhùn ńlá, àti onílù wa, tó jẹ́ ọmọ wòlíì ìjọ Aládùúrà. Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kọrin. Kì í ṣe pé Yorùbá kò dùn lẹ́nu wa o. Orin onígìtá tí a gbọ́ dàgbà nínú rédíò, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ibẹ̀ la ti kó àrùn náà.

Kò sí ilé iṣẹ́ tó ń gbé orin jáde tó gbà wá. Àwọn kan ní Èkó tẹ́tí sí wa, wọ́n ní àwọn kò mọ ẹni tí àwọn fẹ́ tà wá fún. Kò yà mí lẹ́nu. Ta ni yóò ra orin tó dá lórí ewúrẹ́ tó gun àtẹ̀gùn Mápó tí kò wá mọ bí yóò ṣe sọ̀kalẹ̀? Tíṣà ló kọ ọ́. Òun náà ló máa ń wọ aṣọ òjò ṣeré nínú ooru, òun náà ló sì ń yí orúkọ báǹdì padà ní gbogbo òde tí a bá lọ. Ó ní ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbà, kí la fẹ́ tètè sọ ọ́ lórúkọ fún? Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lọ sí àgbàlá òtẹ́ẹ̀lì, ilé kọfí àwọn ọmọ yunifásítì, nígbà mìíràn ibi ìgbéyàwó tí àwọn tó pè wá ti rò pé jùjú la máa kọ. Àwọn tó fẹ́ràn wa kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ràn wa gan-an.

Màmá, ìyá bàbá mi yìí, ò sọ rí pé àwọn fẹ́ràn wa. Wọ́n kàn ṣílẹ̀kùn pálọ̀ fún wa ni, wọ́n gbé àga wọn lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ọmọ ìjọ Áńgílíkà pọ́ńbélé, wọ́n sì ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà omidan wọn. Áátò, ohùn ìsàlẹ̀ tàwọn obìnrin, ni wọ́n ń kọ.

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín pálọ̀ wa àti yàrá ọkọ Alhája, aládùúgbò wa tó ń ta aṣọ òkè l'Ọ́jẹ́. Àìsàn rọpárọsẹ̀ ti dá bàbá náà dùbúlẹ̀. Mo mọ̀ pé ara wọn ò yá, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn gan-an ni ibùsùn wọn wà. Lọ́sàn-án Sátidé kan, a ṣẹ̀ṣẹ̀ dáwọ́ dúró láti sinmi ni Alhája wọlé tọ Màmá wá lọ́dẹ̀dẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá àwọn ọmọ yín sọ̀rọ̀. Bàbá ò rí oorun sùn."

"Ẹ̀n?"

"Mo ní ariwo àwọn ọmọ yín!"

"Alhája, ẹ sọ ọ́ sókè. Etí mi ò gbọ́ mọ́."

Alhája pariwo títí ohùn wọn fi há. Àwọn ọmọdé àdúgbò dúró, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Màmá sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Alhája pé wọ́n wá kí àwọn. Nígbà tó sú Alhája, wọ́n yí padà, wọ́n bá tiwọn lọ.

Ohun tí mo rò ni pé ariwo wa ti ba etí Màmá jẹ́. Mo ní kí n mú wọn lọ rí dókítà, wọ́n ní ogbó ni, kí n má da ara mi láàmú. Láti ọjọ́ náà, gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo sí wọn létí. Mo mọ̀ pé ó yẹ ká dáwọ́ dúró. A ò dáwọ́ dúró. Kò sẹ́ni tó tún máa gba ìlù àti sípíkà sínú pálọ̀ rẹ̀, mo sì ń sọ fún ara mi pé etí tó bá ti bàjẹ́ ti bàjẹ́ ná. Mò ń ta gìtá, ojú ń tì mí, síbẹ̀ mò ń ta á.

Ọ̀rọ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì pé Màmá ò gbọ́ràn mọ́. Ọ̀gá ẹgbẹ́ akọrin, èèyàn jẹ́jẹ́, wá sílé, ó jókòó ti Màmá, ó sì fi ọ̀wọ̀ pariwo fún wọn pé kí wọ́n lọ máa sinmi, pé ìjọ mọ rírì wọn. Màmá wọlé, wọ́n mú aṣọ akọrin wọn tí wọ́n ti lọ̀ jáde, wọ́n sì gbé e fún un.

Kò pẹ́ sígbà náà, okùn gìtá mi já. Mo rọra sọ fún aránṣọ pé n kò rántí ibi tí mo kó tuntun sí.

"Orí fíríìjì ló wà."

Ohùn Màmá ni, láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo jáde lọ bá wọn. Ẹ̀wà ni wọ́n ń ṣà.

"Màmá, ẹ̀ ń gbọ́ràn?" Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni mo sọ ọ́.

"Mò ń gbọ́."

"Látìgbà wo?"

"Ìgbà wo ni mi ò gbọ́ rí? Ọkọ mi, bí mo bá gbọ́ ohun tí Alhája wí, àfi kí n lé yín. Níbo lẹ fẹ́ gbà lọ?"

"Ẹ wá jẹ́ kí wọ́n yọ yín nínú ẹgbẹ́ akọrin?"

"Ṣé kí n wá sọ fún wọn pé irọ́ ni mo pa fún ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń ṣàìsàn?" Wọ́n ju ẹ̀wà kan tó ti bàjẹ́ nù. "Èmi tí mo ṣe nọ́ọ̀sì. Mo mọ ohun tí oorun jẹ́ fún aláìsàn. N kì í lè sùn mọ́ èmi náà."

Obìnrin yìí nà mí nígbà kan nítorí pé mo ní mo ti jẹun nígbà tí n kò tíì jẹ. Òun ló wá gbé irọ́ rù nítorí orin tí ẹnikẹ́ni ò rà. Ọ̀sán yẹn náà la kó ẹrù wa kúrò. Mo sì lọ kúnlẹ̀ fún Alhája nínú yàrá ọkọ wọn.

"Ẹ forí jì wá, Alhája. Ariwo wa pọ̀ jù."

"Ariwo yín kọ́ ló dùn mí jù," ni Alhája wí. "Ṣé o rò pé mi ò mọ adití ni? Màmá tó jẹ́ pé bí mo bá ti ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ ni wọ́n ti ń kí mi láti inú ilé wọn! Wọ́n jẹ́ kí n máa pariwo bíi wèrè níwájú àwọn ọmọdé."

Bàbá gbé ọwọ́ wọn tó ṣì lókun sókè. Ọ̀rọ̀ wúwo lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n ó yé mi.

"Orin yín... kò dùn."

Ẹ̀rín fẹ́ gba Alhája lẹ́nu, wọ́n gbé e mì. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Mo sọ ohun tí Alhája wí fún Màmá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n wé gèlè, wọ́n sì dá lọ bá Alhája nílé. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. N kò mọ ohun tí àwọn méjèèjì bá ara wọn sọ, àmọ́ ojú Màmá pọ́n nígbà tí wọ́n dé. Wọ́n ti ń kí ara wọn báyìí, ìkíni ṣókí, tí kò ní àpárá nínú bíi ti tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, Màmá jẹ́wọ́ fún ọ̀gá ẹgbẹ́ akọrin. Kò bá wọn wí. Ó kàn ní àwọn ti fi ẹlòmíràn sí ààyè wọn, pé kí wọ́n ní sùúrù.

Ẹ̀yìn ilé àdúrà bàbá onílù wa ní Ìdí Arẹrẹ la ti ń dánrawò báyìí. Mo sọ fún Màmá pé mo fẹ́ fi báǹdì náà sílẹ̀.

"Lẹ́yìn tí mo ti parọ́ nítorí rẹ̀?" ni wọ́n wí. "O ò tó bẹ́ẹ̀."

Nítorí náà, mi ò fi í sílẹ̀. Bí àwọn èèyàn bá ń pàtẹ́wọ́ fún wa, inú mi kì í dùn tán. Lọ́jọ́ Àìkú, mo máa ń jókòó ti Màmá láàárín ìjọ. Bí orin bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n á mú áátò wọn, àwọn tó wà níwájú á bojú wẹ̀yìn, Màmá á sì rẹ ohùn wọn sílẹ̀. Ó máa ń ṣe mí bíi kí n sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé e sókè, ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ò yẹ lẹ́nu mi.