Ẹran Iléyá Tó Ṣìnà

Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun mọ Ọ̀gá Yúnúsà ti Sábó, tí kò sì gbọ́ ti ẹran Iléyá tó ṣìnà, kò mọ̀ ọ́n rárá.

Dámisọ́lá ló gbé ẹran náà. Òun ló kọ kóòdù tí kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn kan ní Ìsarà yóò fi máa gba ìròyìn lọ́wọ́ ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ èémí ọmọ tuntun. Ọ̀gá Yúnúsà ló ń yẹ kóòdù wò ní ọ́fíìsì wọn, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló sì ti dá tirẹ̀ padà. Lọ́jọ́ kejì Iléyá, inú bí Dámisọ́lá, ó bá Ọ̀gá lọ sílé.

"Ọ̀gá, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí kọ̀ǹpútà mi! Ọ̀la ni wọ́n ń gbé ẹ̀rọ lọ!"

"Ṣé kọ̀ǹpútà rẹ ni wọ́n ń gbé lọ sí Ìsarà ni?" Ó gé obì jẹ. "Jọ̀ọ́, bá mi gbé ẹran yìí fún àbúrò mi, ilé nọ́ńbà mẹ́rìnlá, àdúgbò yìí kan náà."

Dámisọ́lá rí nọ́ńbà mẹ́rìnlá gàdàgbà lára ògiri. Ìyá kan gba ẹran, ó ṣàdúrà, ó tilẹ̀kùn.

"Yéè!" Ọ̀gá figbe ta nígbà tí Dámisọ́lá padà wá jíṣẹ́. "Nọ́ńbà tí àwọn oníná kọ sára ilé fún owó iná nìyẹn! Nọ́ńbà ilé ti káńsù ni mo wí! Ìyá Fàtíà lo gbé ẹran mi fún, ọdún mẹ́fà rèé tá a ti ń jà!"

"Ẹ ò sọ ti ta ni fún mi, sà!"

 Ni Ọ̀gá bá bú sẹ́rìn-ín, ó ń di ikùn mú. "Ìwọ náà ò sọ ti ta ni fún ẹ̀rọ! Àdírẹ́sì ibi tí yóò kó ìròyìn sí nínú kọ̀ǹpútà, èyí tí kóòdù rẹ mọ̀ lo fún un, o ò yí i sí èyí tí ẹ̀rọ mọ̀. Lórí kọ̀ǹpútà tìrẹ, méjèèjì ṣe kòńgẹ́ ara wọn. Ti Ìsarà ò rí bẹ́ẹ̀. Èémí ọmọ á dá, ìròyìn á lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní rí i."

Dámisọ́lá sáré padà sídìí kóòdù rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi tún un ṣe. Àwọn aláṣẹ ń kùn pé iṣẹ́ ti pẹ́. Ọ̀gá ní kí wọ́n wá kùn sí òun létí. Ìyá Fàtíà wá dúpẹ́ ẹran, ìjà parí. Àbúrò Ọ̀gá ló wá bínú.

Ọ̀gá Yúnúsà yìí kan náà ló dá ìwé ìpè ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ padà fún àwọn àna, tó kọ "MI Ò FỌWỌ́ SÍ I" sí i lórí, torí pé "ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí" ni wọ́n kọ dípò àdírẹ́sì. Bàbá ìyàwó ti di ẹrù ìdána tán, ó fẹ́ dá a padà, kí wọ́n tó ṣàlàyé fún un pé àdírẹ́sì nìkan ni Ọ̀gá ń bá jà.

Lọ́dún tó kọjá ni Ọlọ́run pe Ọ̀gá. Lẹ́yìn oṣù méjì, Dámisọ́lá lọ sí ilé ìwòsàn Ìsarà náà. Nọ́ọ̀sì Moríyọ̀ gbé ọmọbìnrin jòjòló kan lé e lọ́wọ́.

"Èémí ẹ̀ dá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀rọ yín ló ké, la fi sáré dé ọ̀dọ̀ ẹ̀."

Dámisọ́lá ti yọ fóònù láti pe Ọ̀gá kó tó rántí. Ẹkún gbọ̀n ọ́n, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó gbá ọmọ náà mọ́ra.

"Ọ̀gá, ẹ ṣeun," ló wí. "Ẹ ṣeun gan-an tẹ́ ẹ dá kóòdù mi padà."